Eré Tí Bàbá Onílé Fi Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ẹnubodè

Bí mo bá rí ẹni tó ń gbọn fìlà, bàbá onílé wa ní Ìgàndò ni mo máa ń rántí. Tí a bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀, bí mọ́tò rẹ̀ bá ṣe wọ ilẹ̀ Èkó báyìí, á ṣí fìlà, á gbọn ọ́n lójú fèrèsé.

"Eré tí mo bá sá lọ́hùn-ún, ọ̀hún náà ló ń gbé. Kì í bá mi wọ Èkó."

Màmá, ìyàwó rẹ̀ tó máa ń jókòó níwájú pẹ̀lú rẹ̀, á ní, "Ẹ rọra wà á ṣá, Alájì. Ẹ rọra." Bàbá kì í rọra.

Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú màmá lọ, mo sin bàbá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti tún láísẹ́ńsì ìwakọ̀ rẹ̀ gbà. Obìnrin tó dá wa lóhùn wo kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ẹ sá eré àsápajúdé ní ìpínlẹ̀ míì. Ó ti wà lórí láísẹ́ńsì yín."

"Èkó kọ́ ni mo ti sá a, jàre!"

"Ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí, sà."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí wa. Kámẹ́rà ojú ọ̀nà ti ya mọ́tò bàbá. Màmá wà níwájú, ó di bẹ́líìtì mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì mọ ohun tó ń sọ.

Àánú bàbá ṣe obìnrin náà. "Ẹ lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn awakọ̀, a ó sì pa ẹ̀sùn náà rẹ́, tòun ti àwòrán yìí."

Bàbá ṣí fìlà, ó gbé e lé itan. Kò gbọn ọ́n.

"Màá lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́."