Òpó Tí Mo Fi Sìmẹ́ńtì Bò

Amọ̀ ni ògiri ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ sí Ìgàndò. Òpó ìrókò mẹ́rin ló gbé àjà rẹ̀ dúró, méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, méjì lẹ́yìn. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò sórí òpó, wọ́n sì ki ẹnu igi àjà bọ̀ ọ́.

Ojú ilé amọ̀ ń tì mí. Bí mo ṣe ríṣẹ́ sí Ìkòtún, mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú ilé, kí wọ́n bo òpó méjèèjì tó wà níbẹ̀. Bàbá mi ní, "Igi ń mí o. Má dí i nímú." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ọ̀làjú.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, a ṣẹ lálẹ́. Lọ́dún yìí, ògiri là láti orí òpó kan débi pé ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Káfíńtà àgbà tí mo pè gbá òpó náà wò, ó mi orí. Ó ní a gbọ́dọ̀ fi jáàkì gbé igi àjà, ká yọ òpó náà, ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí òjò tó rọ̀. Bí igi àjà bá yọ̀, òrùlé á wó lulẹ̀.

Òjò ti ṣú. Bàbá mi kọ̀, kò jáde. Ó lọ dúró sábẹ́ àjà, ó gbé ọwọ́ lé òpó kejì tí mo fi sìmẹ́ńtì bò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

"Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, jàre."

Inú bí mi sí i, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jáàkì ń gòkè, igi àjà ń ké, erùpẹ̀ ń dà sórí fìlà bàbá mi. Nígbà tí káfíńtà fọ́ sìmẹ́ńtì náà, ìrókò inú rẹ̀ ti rọ̀ bíi fùfú. Omi tó wọlé kò rọ́nà jáde.

Òpó tuntun wọlé. Igi àjà jókòó, gbì! 

Mo rò pé bàbá mi máa bú mi. Ó kàn mú òòlù nínú àpótí káfíńtà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó padà sídìí òpó kejì.

"Ìwọ lo bò ó. Ó yá, kí òjò tó dé."

Mo gbé òòlù sókè. Bàbá mi kò gbé ọwọ́ tiẹ̀ kúrò lára òpó náà.