Alápatà Tó Lọ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Rí Ọ̀la

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni alápatà náà.

Wọ́n á de màlúù lẹ́sẹ̀, wọ́n á gbé e ṣubú, wọ́n á yí ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn, òun á sì fi ọ̀bẹ gba ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ á gba ojú gọ́tà lọ. Òfin kan ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́: "Ẹran tó wà lábẹ́ ọ̀bẹ nìkan ni kó o máa wò. Ẹni tó bá ń ro ti èyí tó kàn, ìka ara ẹ̀ ló máa gé." Ó pa òfin náà mọ́, ìka rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pa ẹran náà ló ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Kò ro ọ̀la rí.

Awakọ̀ kan wà tó máa ń kó màlúù wá sí ilé ìpẹran. Òun àti àbúrò alápatà ta ko ara wọn lẹ́nu géètì, ọ̀rọ̀ dìjà, awakọ̀ fa irin yọ lábẹ́ ìjókòó, ó sì fọ́ ọ lórí bí ẹni fọ́ igbá. Ibẹ̀ ni àbúrò kú sí. Wọ́n ju awakọ̀ sẹ́wọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n tú u sílẹ̀, ó tún rí ọkọ̀ wà. Alápatà gbọ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọ̀bẹ kan tí kì í fi pa ẹran.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, rí ọ̀bẹ náà.

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìwọ wá ń fi ọ̀bẹ sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Ẹ̀yin méjì péré ni mo ní. Ọ̀kan ti wà nínú ilẹ̀."

"Èmi kọ́ ló kàn, ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó ṣáà bá òun dé yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ìbànújẹ́ ti dí lójú bí wọ́n ṣe lè máa rí ọjọ́ iwájú ara wọn.

"Ṣé aríran ni wọ́n ni?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó lọ.

Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Tí ẹnì kan bá ní, "Ó máa dáa," á ní, "Dáa báwo? Aṣọ wo lẹ wọ̀? Ta ló ṣílẹ̀kùn?" Wọ́n á dijú, wọ́n á mú ọjọ́ kan tí kò tíì dé, wọ́n á rìn ín láti àárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró níbi tó bá dùn mọ́ ọn. Títí dé oúnjẹ alẹ́ ni.

Ó kan alápatà. "Mo rí géètì. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, mo yí ọrùn ẹ̀, mo dúńbú ẹ̀. Ó tán."

Panápaná kan tó ti fẹ̀yìn tì rọra sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kò tíì tán," ni olùkọ́ wí. "Kí lẹ jẹ lálẹ́?"

Ó tún dijú. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lórí bàtà ara rẹ̀. Ó rí ọlọ́pàá tó ń fi ìdí ìbọn gún un nímú. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí tábìlì, àwo méjì níwájú rẹ̀, eṣinṣin bo ọ̀kan. Ó wá ara rẹ̀ títí nídìí àwo yẹn, kò rí i.

"N ò mọ̀."

"Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì pé tí awakọ̀ fi dé. Alápatà ń bó awọ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó jáde tọ̀bẹtọ̀bẹ. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ nà án, irin ló tún fi nà án, eyín iwájú alápatà sì fò dànù. Alápatà kò ṣubú. Ó fi orí kàn án nímú, imú fọ́. Ó gbá a lẹ́sẹ̀, ó gun àyà rẹ̀, ó fọwọ́ òsì yí àgbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn alápatà yòókù dúró lókèèrè. Ta ló máa ki ọwọ́ bọ ẹnu ọ̀bẹ? Awọ ọ̀fun awakọ̀ ti là díẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ.

"Ṣe é," ni awakọ̀ wí. "Ṣe é kó tán."

Kò tíì tán. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló sọ sí i lọ́kàn, òun kọ́ ló pè é. Àwo méjì. Eṣinṣin. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ojú rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ yẹ̀, ó gé ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ó wo ìka náà nínú iyanrìn. Ó dìde. Awakọ̀ rá lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ọwọ́ lọ́rùn.

"Ṣé o pa á?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í nílé.

"Rárá."

"Ta ló wá gé ẹ lọ́wọ́?"

"Èmi ni."

"Òmùgọ̀." Ó di ọgbẹ́ náà fún un. Ó gbé àwo méjì kalẹ̀.

Búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì ni alápatà jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí eyín.