Mo Jẹ Adìẹ Màlúù

Fídíò náà ṣì wà lórí fóònù mi. Eyín mi lẹ máa kọ́kọ́ rí, nítorí mo ń rẹ́rìn-ín sí ara mi. Lẹ́yìn eyín, ìdí màlúù. Lẹ́yìn ìdí màlúù, ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà lẹ máa gbọ́ ohùn kan tó ń ké bí ọmọ ìkókó. Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló rò pé màlúù ló ń ké. Èmi ni.

Mo ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti Àkúrẹ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìlú-Àbọ̀, níbi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Ọwọ́ kan wà lórí ọ̀kadà, ọwọ́ kejì gbé fóònù sókè. Ọ̀nà gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo sì rò pé mo dára lọ́mọkùnrin. Màlúù kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ọ̀nà yẹn, mo sì wá a lọ, mo kọlù ú. Ká ní kì í ṣe ti Màmá àgbà ni, ẹ ò ní rí mi ní Ìlú-Àbọ̀ mọ́ láyé.

Kì í ṣe màlúù ńlá oníké tí àwọn darandaran ń dà kọjá o. Màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa ni, dúdú, kò ní iké, gíga ẹ̀ ò ju ìbàdí mi lọ. Àtìgbà tí bàbá àgbà ti kú ni Màmá àgbà ti ń sìn ín. Ó lóyún lọ́jọ́ tí mo kọlù ú. Ó máa ń tẹ̀lé Màmá lọ sóko bí ajá, Màmá á sì máa bá a sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ ju èmi lọ. Mi ò bínú, nítorí màlúù yẹn ò parọ́ fún un rí.

Èmi ti parọ́ fún un. Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì, ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbaniwọlé dé sì ni gbogbo abúlé ti ń pè mí ní Dókítà. Dókítà yìí lo ọdún méjì, ó fìdí rẹmi nínú gbogbo ìdánwò àfi ọ̀kan, ti kọ̀ǹpútà sì ni ọ̀kan yẹn. Wọ́n tún kọ lẹ́tà sí mi, èyí kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo padà délé, mo sọ fún Màmá àgbà pé àwọn olùkọ́ ń yan iṣẹ́ lódì. Ìyanṣẹ́lódì yẹn ti lé lọ́dún kan. Iléèwé kan ṣoṣo ló ń ṣe é, ọmọ iléèwé kan ṣoṣo ló sì kàn.

Màlúù wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ tọ̀tún rọ̀ lábẹ́ orúnkún bí ìbọ̀sẹ̀ tí kò sẹ́sẹ̀ nínú ẹ̀. Màmá àgbà sáré dé. Ó wo màlúù, ó wò mí, ó tún wo ọ̀kadà.

"Dókítà," ó ní, "ó yá, ṣe uṣẹ́ ẹ."

Mo kúnlẹ̀. Mo gbé etí lé màlúù láyà bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fíìmù. Mo gbọ́ ọkàn tó ń lù kìkì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọkàn tèmi ni.

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹsẹ̀... ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, Màmá."

"O káre. Uwé yẹn ò lọ lásán."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, alápatà kan ti dé láti ọjà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Àwọn alápatà máa ń gbóòórùn ẹsẹ̀ tó kán láti ibi tó jìnnà. Ó yí màlúù ká bí ẹni tó fẹ́ ra tokunbọ̀, díẹ̀ ló kù kó fẹsẹ̀ ta táyà ẹ̀ wò.

"Màmá, ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Màlúù tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti kán, ẹran ni."

"Bàbá ulé yìí náà kán lẹ́sẹ̀ rí," Màmá àgbà dá a lóhùn. "A ò ránṣẹ́ pe alápatà."

Alápatà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lọ. Màmá wá ní, "Mo ti ránṣẹ́ pe ẹni tó ń to eegun. Ọjọ́ tó bá tú u, tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ yẹn dúró, ọwọ́ ara mi ni n ó fi fà á lé ẹ lọ́wọ́. Tòun toyún." Bó ṣe sọ ọ́, ó yíjú sí ògiri. Mi ò rí Màmá àgbà kó yíjú sí ògiri rí.

Ìlú Oǹdó ni ẹni tó wá to eegun ẹ̀ ti wá. Bàbá arúgbó kan tó ga gbọ̀ngbọ̀nràn, alápatà lòun náà tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti tú màlúù tó pọ̀ tó láyé òun, ó ku kí òun tún díẹ̀ tò padà kóun tó lọ rí Ẹlẹ́dàá. Oǹdó tó ń sọ ki débi pé ìdajì ẹ̀ ni mo ń gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ náà láti òkè wá sísàlẹ̀, ó dijú, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Lẹ́ẹ̀kan náà ló fa ẹsẹ̀ yẹn. Màlúù ké, èmi náà ké. Ó fi òrí àti ewé gígún pa á, ó to ọparun pẹlẹbẹ yí i ká, ó fi àkísà aṣọ Màmá àgbà wé e, ó sì fi okùn mẹ́ta dì í.

Ó wá ní kí wọ́n mú adìẹ wá.

Mo rò pé oúnjẹ ẹ̀ ni. Mo ti ń ronú irú ọbẹ̀ tí a máa sè. Mo mú àgbébọ̀ pupa kan wá. Bàbá gbà á, ó sì dá a lẹ́sẹ̀, kẹ́, bí ẹni dá igi ìṣáná. Ó fi òrí kan náà pa á, ewé kan náà, ọparun kéékèèké, àkísà aṣọ kan náà.

"Bí adìẹ bá ṣe ń san, bẹ́ẹ̀ ni màlúù ń san," ó ní. "Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ yìí tẹlẹ̀ tó rìn, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ tú màlúù. Ta ló ṣe é léṣe?"

Màmá àgbà wò mí. Kí n sòótọ́, màlúù náà wò mí.

"Ìwọ ni wàá máa tọ́jú adìẹ. Ibi tó o bá lọ ni kó wà. Kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹ."

Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé eegun adìẹ àti eegun màlúù kì í san bákan náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rántí ibi tí wọ́n ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò yege kì í gba ẹjọ́ sáyẹ́ǹsì rò. Mo gbé adìẹ mi.

Báyìí ni mo ṣe di bàbá adìẹ. Ó ń jókòó níwájú mi lórí táǹkì ọ̀kadà tí mo fi ń gbé èrò. Èrò á gun ẹ̀yìn, á ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé adìẹ wà níbí?" Láràárọ̀ ni Màmá àgbà ń bèèrè, "Ṣé ó ti rìn?" Màá ní kò tíì rìn. Á lọ sọ fún màlúù.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí Àǹtí mi tó pè mí. Àbúrò ìyá mi ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, inú kọ́tàsì kan ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ ló ń gbé. Ó ní kí n wá bá òun gé koríko ní Sátidé. Màmá àgbà ní, "Mú adìẹ dání." Mo fi í sínú páálí, mo wọ takisí. Mo gbé páálí sílẹ̀ nínú kíṣìnì Àǹtí, mo mú àdá, mo jáde lọ síbi koríko.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Tí ọmọ kan bá ti abúlé dé, tó gbé adìẹ sínú páálí, tó gbé e sí kíṣìnì àǹtí ẹ̀, kí lẹ máa rò? Ohun tí Àǹtí náà rò nìyẹn.

Ìgbà tó fi di ọ̀sán, ebi ti sọ mí di ẹranko. Àǹtí gbé ìrẹsì wá, ọbẹ̀ ata ń ṣeéfín lórí ẹ̀. Mo jẹ itan. Mo fọ́ eegun, mo fa mùdùnmúdùn inú ẹ̀.

"Àǹtí, adìẹ yìí dùn o. Ibo lẹ ti rà á?"

"Wò ó bó ṣe ń ṣe! Ṣebí ìwọ lo gbé e wá. Màmá mà gbìyànjú o, wọ́n tún fi aṣọ di ẹsẹ̀ ẹ̀ kó má baà sá lọ. Mo ti pè wọ́n kí n dúpẹ́, wọn ò gbé e."

Ìrẹsì dúró ní ọ̀nà ọ̀fun mi, ó ní òun ò lọ síwájú, òun ò lọ sẹ́yìn. Inú garawa ìdọ̀tí ni mo ti rí ọparun kéékèèké yẹn àti àkísà aṣọ Màmá àgbà. Mo bẹ Àǹtí kó má pè wọ́n mọ́. Mo ní ẹ̀bùn ìkọ̀kọ̀ ni.

Ọlọ́gbọ́n á lọ sílé lọ jẹ́wọ́. Èmi yà sí Ìsìkàn, mo lọ ra àgbébọ̀ pupa mìíràn.

"Ṣé ẹ ní èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dá?" mo bi ìyá aládìẹ.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bùrọ̀dá, ṣé ara yín yá?"

Mo gbé e lọ sẹ́yìn ògiri kan, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, mo dijú. Mo la ojú, ó ń wò mí. Mi ò lè ṣe é. Ẹsẹ̀ màlúù nìkan ni mo mọ̀ ọ́n dá. Ni mo bá di ọparun mọ́ ẹsẹ̀ tó le koko, mo gbé e délé.

"Ó mà ti sanra," Màmá àgbà sọ.

"Afẹ́fẹ́ Alágbàká ni, Màmá."

Ọjọ́ kẹrin, mo ń fọ ọ̀kadà láàárọ̀, adìẹ Ìsìkàn fi ẹnu já aṣọ ẹsẹ̀ ẹ̀ dànù. Ó rí alángbá kan, ó lé e la àgbàlá já, ó sì fò gun orí ògiri. Màmá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Adìẹ ti rìn! Jésù, mo dúpẹ́! Adìẹ ti rìn!"

Kí n tó ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó ti mú ọ̀bẹ, ó ti dé abẹ́ àtíbàbà tí màlúù dùbúlẹ̀ sí. Okùn mẹ́ta ló wà lára ìdè yẹn. Ó gé èkíní. Mo dúró. Ẹ má pè mí ní ọmọ dáadáa o, mo rò ó pé tí mo bá dákẹ́, tí ẹsẹ̀ yẹn tún dá, oògùn bàbá Oǹdó ni wọ́n máa bú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó gé èkejì. Ó ń bá màlúù sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un pé alápatà ò ní rí i gbé. Ó gbé ọ̀bẹ lé ẹ̀kẹta.

"Màmá, ẹ dúró! Kì í ṣe adìẹ yẹn nìyẹn!"

"Èwo wá ni?"

"Èyí tí bàbá dá lẹ́sẹ̀... mo ti jẹ ẹ́."

Ó ń wò mí. Nígbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúró. "Àwọn olùkọ́ ò sì yan iṣẹ́ lódì. Wọ́n lé mi ni."

"Ìyẹn, mo ti mọ̀," ó ní. "Rédíò ì bá ti sọ ọ́. Ti adìẹ ni mi ò mọ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ màlúù mú níbi tí okùn ti tú. Ká ní ó gbá mi létí, ì bá sàn.

Ìgbà tó ṣe, ó ní kí n bá òun tẹ nọ́ńbà bàbá Oǹdó, kí n ṣí i síta kí gbogbo wa gbọ́.

"Ó jẹ ẹ́?" bàbá bèèrè.

"Ó jẹ ẹ́."

"Tòun tẹsẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ gan-an ló fọ́ jẹ."

Bàbá wá ní, "Ẹ bi í, ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Bàbá," mo sọ.

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó tún màlúù dì. Ó wá ní kí wọ́n gbé àpótí wá. Ó ní kí n jókòó, kí n na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó fi òrí pa á. Ó fi ewé lé e. Ó mú ọparun.

"Bàbá, ẹsẹ̀ mi ò dá o!"

"Èyí tó o rà ní Ìsìkàn ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dá, o sì dì í." Ó fa okùn le. "Inú ẹ ni adìẹ wà. Ibi tó wà la ti máa tọ́jú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà lábẹ́ àtíbàbà, èmi àti màlúù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Màmá àgbà ń gbé oúnjẹ wá, ti màlúù á kọ́kọ́ dé. Alápatà Ìsìkàn tún yà, ó bá àwa méjèèjì nílẹ̀.

"Màmá, èwo lẹ fẹ́ tà nínú wọn?"

"Dúdú yẹn, mi ò tà á. Ìkejì, wá ká sọ̀rọ̀."

Nígbà tí kò síbi tí mo lè lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Mo ń tì í yí padà kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ má baà bó. Mo ń fi àpò ìrẹsì gbé ikùn ẹ̀ sókè kó lè na àwọn ẹsẹ̀ yòókù. Lọ́jọ́ kan mo gbé etí lé e níkùn, kì í ṣe ti fíìmù lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ inú ẹ̀ sì ta mí nípàá létí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún bíi wákàtí kan. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi nìkan.

Ọjọ́ pé. Bàbá Oǹdó dé. Alápatà náà dé, ó gbé okùn kọ́ èjìká. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ tú.

"Dìde," bàbá sọ.

Ẹsẹ̀ yẹn ti di ti ẹlòmíràn. Mo dìde, mo tẹ̀ ẹ́, mo ṣubú lulẹ̀ gbì.

"Yéè!" Màmá àgbà ké. Kì í ṣe èmi ló ń wò. Màlúù ló ń wò. Alápatà gbé okùn kúrò ní èjìká, ó mú un dání. Èmi tí mo ti ń fi adìẹ àti oògùn rẹ́rìn-ín látọjọ́ yìí, ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mo di òpó mú. Mo tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, ó dùn mí dé eyín. Mo rìn dé ìdí máńgòrò, mo sì rìn padà.

Bàbá wá gé okùn màlúù. Màlúù gbé ìdí sókè ná, ó wá fi orúnkún gbé iwájú. Ẹsẹ̀ yẹn kọ́ lófuurufú. Ó fi kan ilẹ̀, ó gbé e. Ó tún fi kan ilẹ̀. Kò gbé e mọ́.

Màmá àgbà mú agbọ̀n ẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà oko, ó ń lọ, kò wẹ̀yìn. Màlúù tẹ̀lé e, ó ń tiro. Alápatà ká okùn ẹ̀.

Èmi ṣì dúró ti òpó nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá níwájú.

"Adìẹ! Má jìnnà sí i."

Mo tiro tẹ̀lé wọn.