Táyà Karùn-ún Mi Lábẹ́ Kọ̀ntéínà Ayétòrò

Táyà karùn-ún ọkọ̀ mi wà lábẹ́ kọ̀ntéínà kan ní Ayétòrò, ibẹ̀ ló sì wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọn ò jí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e fún wọn, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ni. Màmá kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ra kọ̀ntéínà òfìfo láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, nítorí olè ti já ilẹ̀kùn pákó rẹ̀ títí ó fi sú u. Tírélà gbé e dé, ṣùgbọ́n kò sí kéréènì nítòsí tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo wakọ̀ wá láti Ìlaròó kí n lè kọ ìròyìn bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Ọ̀gá àwọn tó ń já ẹrù kọ́ṣẹ́ ní Ìdí-Ìrókò. Ó fi ṣéènì so ẹ̀yìn kọ̀ntéínà mọ́ igi máńgòrò, ó ní kí wọ́n to ògbólógbòó táyà sílẹ̀. Bí tírélà bá ti ń lọ síwájú, igi á di kọ̀ntéínà mú, kọ̀ntéínà á sì máa yọ́ bọ̀ sórí táyà.

“Táyà ku ẹyọ kan kó pé,” ọ̀gá náà wí. Ó wo ọkọ̀ mi. “Ẹ̀gbọ́n oníròyìn, ẹ ò ní ọ̀kan nínú búùtù?”

“Mo ní in. Ṣé ẹ máa dá a padà?”

“Tiwa á wà lábẹ́ rẹ̀. Tiyín nìkan la máa fi jáàkì yọ.”

“Fún wọn, ọkọ mi,” màmá wí. “Ṣebí ìròyìn lo wá kọ. Wà nínú rẹ̀.”

“Dúsúmà, dúsúmà,” ọ̀gá ń ké sí dírẹ́bà, bí àwọn ará òdìkejì ibodè ṣe ń sọ fún ẹni tó ń kánjú. Kọ̀ntéínà rọra bọ́ sílẹ̀, ó jókòó bí adìyẹ tó ń sàba. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́; tèmi ló dún jù.

Wọ́n ki jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ti rọ̀. Jáàkì ló ń wọlẹ̀, kọ̀ntéínà ò mira. Wọ́n fi pákó tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, pákó náà bá a wọlẹ̀.

“Ẹ fi sílẹ̀, ó tẹ́jú báyìí,” màmá wí. “Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù mi á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

“Màmá, tí táyà mi bá wá jò lọ́nà ńkọ́?”

“Ṣé mẹ́rin yòókù kì í yí ni?”

Mo yà fún gbogbo kòtò títí mo fi délé. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo gbọ́ pé kọ̀ntéínà wọ ojú gọ́tà ìjọba, pé káńsù sì máa gbé e kúrò. Èmi tí mo máa ń fi ìwé ìròyìn bú káńsù pé wọ́n ń wó ṣọ́ọ̀bù mẹ̀kúnnù, èmi ni mo sáré lọ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa gbé e kúrò.

Òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ìkà ni wá. Alága ti kà á. Ó ní ká má fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni títí òjò á fi dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà la máa fún màmá níwèé ìkìlọ̀, ká tó wá wo ohun tó kàn.”