Ààwẹ̀ Tí Mo Ní Kí Ìyàwó Mi San

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n kéwú, tó sì fún mi níyàwó tí kì í já mi níyàn. Ọpẹ́ kejì yìí ló ń ká mi lára báyìí.

Lọ́jọ́ tí àwọn aṣèwádìí ìlera dé ilé wa ní àdúgbò Tukur-Tukur, nílẹ̀ Hausa, inú mi dùn. Obìnrin méjì ni wọ́n. Hausa la jọ sọ. Wọ́n ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, kí ìjọba lè mọ̀ bóyá ètò ìlera àwọn ìyá àti ọmọ wẹ́wẹ́ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Mo tẹ́ ẹní fún wọn, mo sì jókòó ti ìyàwó mi, tó ń fún ọmọ wa lọ́mú.

“Lánàá, láti àárọ̀ di alẹ́, kí lẹ jẹ?” ni àgbà inú wọn bi ìyàwó mi.

“Alihamudulilahi,” èmi ni mo dáhùn, “a jẹ ẹ̀wà, a jẹ ẹja, a tún jẹ ẹyin.”

Obìnrin náà wò mí. “Malam, ṣé ẹ̀yin náà ń fọ́mọ lọ́mú ni?”

Èkejì rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi fi ìborùn bo ẹnu.

“Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.”

Ìyàwó mi kọ́kọ́ wojú mi. “Mo gbààwẹ̀ lánàá.”

“Kí lẹ wá fi ṣínu?”

“Ògì.”

“Ẹyin ńkọ́?”

“Àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́. Ẹja, mo gbé e fún bàbá wọn.”

Ààwẹ̀ Ramadan tí kò lè gbà nígbà tó bímọ ló ń san. Èmi ni mo ní kó tètè san án kí òmíràn tó dé. Mò ń kọ́ àwọn obìnrin ní ilé-kéwú lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún wọn pé ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú lè dúró ná, tí ẹ̀rù ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ bá ń bà á, pé Ọlọ́run kò fẹ́ ni wá lára. Àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn bi mí pé, ìyàwó Àáfà ńkọ́, ṣé ó ti san tirẹ̀?

“Òní ńkọ́?” ni àgbà inú wọn tún bi í.

“Mo gbà á lónìí náà.”

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan. Àgbà wò ó, ó tún un wò. Kò ṣàwàdà mọ́.

“Malam, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́la, ẹ má fi falẹ̀. Kó jẹun báyìí.”

Orí ẹní tí mo tẹ́ ni mo ń wò títí wọ́n fi lọ.

Mo wọ ilé ìdáná, mo dín ẹyin. N kò mọ̀ ọ́n dín. Ó jóná létí. Mo gbé e síwájú rẹ̀.

“Àáfà, oòrùn ò ní pẹ́ wọ̀ mọ́. Ṣé kí n má parí tòní?”

“Jẹun.”

“Ẹ ò ní bínú?”

Mo sọ fún un pé mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò tíì pọn dandan kó san án. Ó ń jẹ ẹyin náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ya apá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

“Ta lo ń fi ìyẹn sílẹ̀ fún?”

“Ẹ̀yin ni.”