Ìkúnlẹ̀ Nínú Gbọ̀ngàn Ìdánwò

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí Kíkẹ́ máa jókòó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Mushin. Ó ti yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mẹ́tírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, sì ti sọ fún un pé bí tọdún yìí bá tún bọ́, kó wá iṣẹ́ mìíràn.

Ohun tó ń gbé e ṣubú kò ju ọ̀rọ̀ kéékèèké lọ: who, whom, whose, which. Lédè tiwa, "tí" kan ṣoṣo tó gbogbo rẹ̀ ṣe: ẹni tí mo rí, ilé tí mo kọ́. Òyìnbó kọ̀, àfi kó pín iṣẹ́ ẹnì kan fún mẹ́rin. Tíṣà Julius ló bá a tú u palẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Oṣù méje gbáko ni baba náà fi kọ́ ọ, ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ tó bí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ní ilé ìwé kan ní Surulere, Kíkẹ́ ti dáhùn ogún ìbéèrè, ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀, nígbà tí ọ̀gá àwọn alábòójútó wọlé. Tíṣà Julius ni. Òwúrọ̀ yẹn ni wọ́n fi í rọ́pò ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni Kíkẹ́ wà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀ṣọ́ ọ̀hún ló fẹ́ pa Kíkẹ́ lọ́jọ́ náà. Kó tó rántí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí àga, ó ti kúnlẹ̀ láàárín àwọn tábìlì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Quadri, ọ̀dọ́kùnrin alábòójútó tó wà lẹ́yìn, sáré dé, ó já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òfin ni pé bí ọ̀gá bá mọ ẹni tó ń ṣèdánwò, kí wọ́n fagi lé ìwé onítọ̀hún. Kíkẹ́ kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu baba yìí rí.

"Sà, ṣé ẹ mọ àǹtí yìí ni?"

Tíṣà Julius kọjú sí Quadri.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ó ní. "Ó rí àgbà, ó kúnlẹ̀. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Fún un níwèé ẹ̀."

Kíkẹ́ gba ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun, ó sì mọ̀ pé irọ́ náà gan-an ló yọ òun. Ó kọ ìdánwò náà parí.

Nígbà tó ń jáde, baba dúró lẹ́nu géètì, Quadri sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Gbogbo ara Kíkẹ́ ló ń sọ pé kó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kọjá níwájú olùkọ́ rẹ̀ láìkí i, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ títí tó fi dé ibùdókọ̀.