Bàtà Òsì fún Ẹlẹ́sẹ̀ Kékeré

Fọwọ́wọ̀n ni gbogbo òpópónà ń pe aránbàtà náà, nítorí pé kì í lo okùn ìwọ̀n: bí ó bá ti gbá ẹsẹ̀ ènìyàn mú lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n títí ayé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, abúlé tí ó wà lódìkejì odò ni wọ́n bí i sí, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sì ni nígbà tí ìwé ìpè sójú ogun kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, bàtà aláwọ pupa kan wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ń rán fún ìyàwó rẹ̀. Ilé alágbàfọ̀ ni ìyàwó náà ti ń lọ aṣọ. Ìdúró ni iṣẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ọ̀tún lọ, bàtà ọjà kì í sì í bá a mu. Ọkọ rẹ̀ ti rán ti ọ̀tún tán. Ti òsì ṣì jẹ́ awọ lásán.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni ó wí bí ó ti ń di ẹrù. "Bí mo bá dé, n ó parí ẹ̀."

Nítorí náà, nígbà tí Ẹnu-Kì-í-Sinmi, tí òun àti Fọwọ́wọ̀n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan, wá bá obìnrin náà nídìí áyọ́ọ̀nù, kò rí ojú rere.

"Ìyàwó wa, gbé awọ yẹn wá kí n rán an. Àbí ọ̀tún ni kó máa dá rìn?"

"Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló máa parí ẹ̀."

"Háà! Ogun kì í mà ṣe ilé àna, tí wọ́n á bu oúnjẹ fún èèyàn, tí wọ́n á tún sìn ín sọ́nà."

"Ẹ lọ kan ìṣó yín jàre, ẹ̀gbọ́n."

Lẹ́tà Fọwọ́wọ̀n kì í ju ojú ewé kan lọ. "Ẹlẹ́sẹ̀ Kékeré mi" ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ wọn. Àpárá ni, nítorí ẹsẹ̀ náà kò kéré rárá. "Bàtà àwọn ọmọ ogun ni mo ń tún ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ tí mo gbá mú tí ọwọ́ mi kì í bi mí léèrè tìrẹ."

Kí ọwọ́ náà lè sinmi, obìnrin náà tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé e, ó fi pẹ́ńsùlù yí i ká, ó kọ "Ó ń kí ọ" sáàárín rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́.

Èsì pẹ́ kí ó tó dé. "Ẹlẹ́sẹ̀ Kékeré mi, ẹsẹ̀ yìí ti wú. Áyọ́ọ̀nù ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nígbà tó yá, mo rántí oṣù tí mo kúrò nílé, mo sì wá ibì kan jókòó. Ṣé bí mo ṣe rò ó ni? Má fi pa mọ́ torí pé mo wà lójú ogun. Ayọ̀ kò tíì pa ẹnikẹ́ni níbí."

Bí ó ti rò ó ni. Obìnrin náà ti fi oyún náà pa mọ́ kí ọkàn ọkọ rẹ̀ má baà pín. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó sì kọ̀wé: "Bẹ́ẹ̀ ni. Wá parí bàtà mi."

"Mi ò ní dúró dìgbà tí mo bá dé," ni ọkùnrin náà fèsì. "Mo ti ń ṣa àjákù awọ jọ. Ìwọ̀n tó wú yìí gan-an ni n ó fi rán an, kí ara lè tu ìyá ọmọ mi."

Lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rọ ni àwọn ọ̀gá ogun fi tẹ̀ ẹ́, kò sì sí àpárá kankan nínú rẹ̀.

Obìnrin náà bí ọmọbìnrin kan. Lẹ́yìn tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, sójà kan tí òun àti Fọwọ́wọ̀n jọ wà lójú ogun, tí ó ń fi ọ̀pá rìn, tẹ̀ lé Ẹnu-Kì-í-Sinmi wá sí ilé alágbàfọ̀, ó sì gbé ìdì kékeré kan lé obìnrin náà lọ́wọ́. Bàtà òsì ni: awọ dúdú, àjákù bàtà ogun, ojú rírán rẹ̀ gún régé. Obìnrin náà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti fọn láti ìgbà tí ó ti bímọ. Bàtà náà ń yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó wa, jẹ́ kí n bá ọ dín in kù," ni Ẹnu-Kì-í-Sinmi wí, ó na ọwọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹnu sinmi lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà ya díẹ̀ létí aṣọ ọmọ rẹ̀, ó ká a sí imú bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó wọ ọ̀tún pupa, ó wọ òsì dúdú, ó sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù.

Sójà náà ni ó sọ bí ó ti rí. Ní Ọjọ́bọ, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, ọdún kejì ogun náà, àdó olóró já lu àgọ́ àwọn aránbàtà. Àná ọjọ́ náà ni Fọwọ́wọ̀n ta kókó ìkẹyìn sí bàtà òsì.